Ibi Tí Ọkàn Ń Fà Sí: Àlọ àti Àbọ̀ Àwọn Ará Òsì, Ìlọ́fà àti Odò-Ọwà, àti ti Ère Wọn

Ní ìlú Detroit ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé ńlá kan wà tí a kó iṣẹ́ ọnà gbogbo àgbáyé jọ sí, tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò. Nínú ilé náà, láàárín àwọn ohun tí ọwọ́ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́-ọnà ilẹ̀ Faransé, ti Ítálì àti ti Hòláńdì ṣe, ni orí Ẹ̀pà kan, ère tí a ń gbé lé orí jó, gúnwà sí, èyí tí Bámgbóyè, ògbóǹtagí agbẹ́gilére ará Odò-Ọwà ní Òkè-Èrò, gbẹ́ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo. Ère yìí kò gba ìwé ìrìnnà, kò tò láti òru mọ́jú sí ẹnu ọ̀nà aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kankan, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè iye owó tí ó ní ní báńkì kí ó tó sọdá òkun. Ó ti dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n ń gbé irú rẹ̀ jó ní ojúde ń fi ààwẹ̀ àti àdúrà wá ọ̀nà àtidé.

Ìran kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ti òde òní kò ṣòro láti mọ̀: ẹni tí ó bá bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè ní Ìlọ́fà tàbí ní Òsì yóò gbọ́ London, yóò gbọ́ Toronto, yóò gbọ́ Dubai tí àwọn ilé rẹ̀ ń gún ojú ọ̀run, yóò sì gbọ́ Paris lẹ́nu àwọn tí ọ̀ràn aṣọ jẹ lógún, àwọn àgbà onígbàgbọ́ yóò dárúkọ Jerúsálẹ́mù, àwọn àgbà mùsùlùmí yóò sì dárúkọ Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà. Àwọn kan ń wí pé ojúkòkòrò ni ó ń dààmú àwọn ọmọ wọ̀nyí, pé ayé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn baba wa jókòó sí ìdí àbà wọn, wọ́n ń jẹ iṣu wọn, ọkàn wọn sì balẹ̀ bí omi àmù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ ìtàn agbègbè yìí yóò rí i pé àlọ àti àbọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, àti pé ohun kan náà ni ó ń fa ọkàn ènìyàn láti ìwáṣẹ̀ títí di òní: ibi tí ohun kan ti jáde wá bá a ní ilé rẹ̀ ni ènìyàn ń fẹ́ láti lọ. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn kò bá kọ́kọ́ dé, ta ni yóò di ẹrù kí ó lọ fojú bà á?

Ó yẹ kí n fi ilẹ̀ náà han ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kwara: Èkìtì, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Àràrọ̀mí-Ọ̀pin, tí Òsì, Ọbọ-Ayégúnlẹ̀ àti Èrúkú wà lábẹ́ rẹ̀, àti Òkè-Èrò, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìlọ́fà, tí Odò-Ọwà àti Kájọlà wà lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ olókè ni, àpáta ń yọrí níbi gbogbo, ẹnu àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì súnmọ́ ti àwọn ará Èkìtì tí ó wà ní òdì-kejì ààlà ju bí ó ti súnmọ́ ti Ìlọrin lọ. Bí wọ́n ṣe wá di ará Ìlọrin nínú ìwé ìjọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò níhìn-ín. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n lórí ba, òyìnbó sì wá fa ààlà tirẹ̀ sí ibi tí ó bá ẹsẹ̀ ẹṣin dé, ó pín ilẹ̀ Yorùbá sí Àríwá àti Gúúsù, ó sì fi Òsì sí Àríwá. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá ka àkọlé ara ère nínú àwọn ilé-àkójọ òkè òkun yóò fi máa rí “Osi-Ilorin” níbẹ̀, tí yóò sì máa rò pé àdúgbò kan ní Ìlọrin ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, ilẹ̀ náà sì bọ́ sínú rẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ tí ọkàn àwọn ará ibẹ̀ ń fà sí ni Ilé-Ifẹ̀, Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Kò sí ìlú kan tí ó ní adé ní agbègbè náà tí kì í tọpa ara rẹ̀ lọ sí Ifẹ̀, ìbáà jẹ́ tààrà, ìbáà jẹ́ láti ọwọ́ Ìlá Ọ̀ràngún tàbí ìlú mìíràn. Àwọn tí wọ́n dé Ifẹ̀ ní tòótọ́ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ wà nínú oríkì, ó wà nínú ẹsẹ Ifá, ó wà lẹ́nu ìyá tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún, nítorí náà kò sí ọmọ kan tí kò ti fi ọkàn dé ibẹ̀ kí ó tó dàgbà. Lẹ́yìn Ifẹ̀ ni ọjà. Aṣọ, iyọ̀, ìlẹ̀kẹ̀, ẹṣin láti òkè ọya, ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbé orúkọ ìlú kan lé àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò jẹ́ kí ọ̀nà ṣeé rìn. Láti ìgbà tí Ìlọrin Àfọ̀njá ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn Fúlàní, ogun kò wábi lọ mọ́. Àjẹ́lẹ̀ ń bẹ nínú ìlú, ìṣákọ́lẹ̀ ń bẹ lọ́rùn, ẹni tí ó bá sì jáde láìní ẹgbẹ́ lè bá ara rẹ̀ ní ọjà ẹrú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Odò-Ọwà, àpáta ńlá kan wà tí a ń pè ní Imọlẹ̀bọ́jà, tí abẹ́ rẹ̀ gbòòrò tó láti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Níbẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń sá sí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn akónilẹ́rú ń bọ̀. Lónìí, orúkọ àpáta náà wà nínú ìwé àwọn ibi ìgbafẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, a sì ń pe àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wá wò ó. Mo rò ó, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀: ibi tí ìyá ńlá ẹni ti ń fi ọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu kí ó má ba à sunkún ni àwa ń lọ ya fọ́tò sí. Nígbà tí Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1877, tí Èkìtìparapọ̀ gbé ìjà ko Ìbàdàn, kò sí ibi tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ láti Ìgbájọ títí dé ibí. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ọdún 1897 sì ni ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí a ń pè ní Royal Niger Company fi ìbọn ńlá wọ Ìlọrin. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ọ̀nà là tán, ọkọ̀ ojú irin sì dé. Irin tí wọ́n tẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì gba Ọ̀fà kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Ará Òsì tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀fà lè fi ìdí jókòó dé Èkó Akéte, Arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ. Ẹni kan lọ, ó bọ̀ pẹ̀lú agboòrùn. Èkejì lọ, ó bọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n ó fi páànù ránṣẹ́ kí a fi bo ilé baba rẹ̀. Páànù kan ṣoṣo tí oòrùn ń tàn sí lórí láàárín àwọn òrùlé koríko tó láti sọ odindi agbo ilé di arìnrìn-àjò. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti kọrí sí ibi ìwakùsà ní Jos, àwọn kan sí Kánò, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin sì ti la ọ̀nà Gold Coast sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé wọn. Ní ojú àwọn ènìyàn ìgbà náà, Kùmásí àti Àkúrá kò kéré ju bí London ti rí ní ojú àwọn ọmọ òní lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí wọ́n ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, tí ọmọ wọn kò gbọ́ èdè mìíràn ju ti ibẹ̀ lọ, fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́n eruku aṣọ wọn wálé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a lé relé, ti tirẹ̀ yàtọ̀.

Gbogbo èyí, ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá lè sọ irú rẹ̀ nípa ara wọn. Ohun tí àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn yìí ní tí ìlú tí ó pọ̀ kò ní ni iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére wọn, nítorí òun ni ó yí ojú ọ̀nà padà, tí ó mú kí àwọn ará òkè òkun máa fi Òsì àti Odò-Ọwà ṣe ibi tí ọkàn wọn ń fà sí.

Aréògún ará Òsì ni orí wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni wọ́n bí i, ní nǹkan bí ọdún 1954 ni ó sì tẹ́rí gbaṣọ. Láàárín rẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin, ó gbẹ́ òpó ilé, ó gbẹ́ ọpọ́n ìgèdè àti agéré Ifá, ó gbẹ́ orí Ẹ̀pà tí ọmọkùnrin tí kò bá gbóná kò lè gbé nílẹ̀. Afi-àáké-sọ-igi-dènìyàn ni. Lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ ó rí jagunjagun lórí ẹṣin, ẹ ó rí Èṣù pẹ̀lú ìkòkò tábà lẹ́nu, ẹ ó sì rí ọkùnrin lórí kẹ̀kẹ́ ológeere láàárín àwọn babaláwo àti ọdẹ, bí ẹni pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni kẹ̀kẹ́ ti wà. Ayé tí ó ń ti Èkó àti òkè òkun wá bá a, ó gbà á ní àlejò, ó sì fún un ní ààyè lára igi. Ọmọ rẹ̀ ni George Bándélé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ baba rẹ̀ kọ́ ni ó ti kọ́ṣẹ́, ọwọ́ Ọṣámúkọ, ọmọṣẹ́ baba rẹ̀, ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà tọ́ sí kí a dúró wò. Igi tútù ni wọ́n ń lò, nítorí igi tí ó bá ti gbẹ a máa le koko, a sì máa ṣẹ́ ojú irin. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní. Èkíní ni ọnà lílé: àáké ni ọ̀gá yóò fi ṣá ìtì igi náà títí ibi orí, ibi àyà àti ibi ẹsẹ̀ yóò fi yapa, tí kò tíì sí ojú, tí kò tíì sí etí, tí ó kàn jẹ́ pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò yóò ti mọ̀ pé ìyá ọlọ́mọ ni tàbí ẹlẹ́ṣin. Èkejì ni àlétúnlé, tí yóò mú àáké kékeré olójú bí ọkọ́, tí yóò wá ya apá kúrò lára ìhà, tí yóò ya etí kúrò lára orí. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí ọ̀bẹ àti irin pẹlẹbẹ yóò mú gbogbo ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, tí ojú àáké kò ní hàn mọ́. Ẹ̀kẹrin ni fínfín: níbẹ̀ ni ṣóńṣó ọ̀bẹ ti ń fín irun dídì, ìpéǹpéjú, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àti ọnà ara aṣọ. Lílé ni ọ̀gá kì í fi í lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́. Nítorí bí a bá ṣì í ṣe níbẹ̀, kò sí fínfín tí ó lè tún un ṣe.

Ní Odò-Ọwà, Bámgbóyè, tí ó ń jẹ́ Moshood Olúṣọmọ, gbé tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún 1885 ni wọ́n bí i, ó sì wà láyé títí di 1975. Bí Aréògún bá gbẹ́ Ẹ̀pà, ènìyàn tí ó wà lókè rẹ̀ a gúnwà, a dákẹ́. Bí Bámgbóyè bá gbẹ́ tirẹ̀, ọba tàbí ìyá tí ó wà láàárín a máa ní agbo yí i ká: onílù, afọnfèrè, ẹrú tí ó ru ẹrù, obìnrin tí ó gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n fún mọ́ ara wọn bí èrò ọjọ́ ọjà, síbẹ̀ igi kan náà ni gbogbo wọn, kò sí ìṣó, kò sí àlẹ̀mọ́. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn ni orí gan-an wà, tí ó rí bìrìkìtì bí ìkòkò, tí ó ní ojú méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, inú ìkòkò náà ni ẹni tí ó ń gbé e yóò ti orí bọ̀. Òmíràn lé ní kílò 20 dáadáa. Kí ọjọ́ ọdún Ẹ̀pà tó pé, wọn yóò tún un kùn ní funfun, pupa, dúdú àti búlúù. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó gbé e kì í ṣe pé yóò jó nìkan, yóò fò gun òkìtì ilẹ̀ tí a mọ sí ojúde, pẹ̀lú ẹrù náà lórí, kò sì gbọdọ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Bí ó bá fò ó re, ọdún náà yóò tura. Ní Òsì, Ẹlẹ́fọ̀n ni wọ́n ń pe ọdún Ẹ̀pà yìí. Nígbà tí mo ń sọ nípa àwọn tí ó lọ sí Èkó àti Jos, mi ò sọ pé ọjọ́ yìí ni ó ń fà wọ́n padà: kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tí a lè fi wé ìgbà tí ọmọ tí ó ti pẹ́ ní àjò bá gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ lẹ́nu àwọn obìnrin ilé níwájú Ẹ̀pà baba rẹ̀.

Òyìnbó kò pẹ́ dé. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, J. D. Clarke wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Òmù-Àrán, ọkùnrin tí ó gbà pé ọmọ dúdú kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwé. Ó kọ ìwé kan lórí ilé-ẹ̀kọ́ náà, èyí tí ó jáde ní 1937, Bámgbóyè sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà láti kọ́ àwọn ọmọ ní igi gbígbẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan, Kevin Carroll, dé, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì láti 1947 sí 1954. Bándélé ọmọ Aréògún ni ó lọ síbẹ̀ láti Òsì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, wọ́n sì ń gbẹ́ àwọn ènìyàn inú Bíbélì ní ìmúra Yorùbá: àwọn amòye mẹ́ta tí ó wá kí Jésù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù di ọba ilẹ̀ wa lórí igi Bándélé. Ẹ jẹ́ kí n wí i pé nínú gbogbo ìrìn-àjò tí a ti ń kà láti kékeré, ìrìn-àjò àwọn amòye yìí ni ó jọ pé ó bá ojú àwọn ará Òsì mu jùlọ, nítorí ọba tí ó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, adé ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Carroll rin gbogbo agbègbè náà já, ó jókòó ti Aréògún tí ó ti darúgbó, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé tí ó jáde ní 1967. Láti inú ìwé náà ni àwọn òyìnbó tí kò dé Áfíríkà rí ti mọ ọnà lílé àti fínfín, tí àwọn kan nínú wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó ọkọ̀.

Nínú àwọn ọmọṣẹ́ Bándélé ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti wá, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ọyẹ́ ni ó ti lọ tẹ́ríba fún ọ̀gá ará Òsì. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń lálàá rẹ̀ lónìí, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́: ó dé Paris láti kọ́ṣẹ́, ó dé Kalamazoo ní Amẹ́ríkà níbi tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ sì wà ní Kennedy Center ní Washington. Ọ̀pá àṣẹ tí ó mú gba gbogbo ibodè kọjá kò ju ọ̀bẹ àti àáké tí Bándélé fi lé e lọ́wọ́ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ère náà fi ayọ̀ nìkan kúrò nílé. Odò-Ọwà kan náà tí Bámgbóyè ti ń gbẹ́ Ẹ̀pà ni wọ́n ti bí Joseph Ayọ̀délé Babalọlá ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1904. Ó kọ́kọ́ jẹ́ oníṣẹ́ irin, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń la ọ̀nà, P.W.D., gbà á, ó sì ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nígbà tí ó ní ohùn kan pe òun. Ẹni tí ìjọba ń sanwó fún láti la ọ̀nà ni ó wá di ẹni tí ọ̀nà kún nítorí rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, ìròyìn sì tàn kálẹ̀ pé omi tí ó bá gbàdúrà sí ń wo àìsàn; àwọn ènìyàn ń rọ́ wá láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti ilẹ̀ Bìní, pẹ̀lú akèrègbè, ìgò àti agolo kẹrosíìnì, àwọn arọ lórí ẹ̀yìn ọmọ wọn, àwọn afọ́jú pẹ̀lú ọ̀pá. Láàárín oṣù díẹ̀, kò sí ibi tí ọkàn ènìyàn ń fà sí ní ilẹ̀ Yorùbá bí ìlú tí ọmọ Odò-Ọwà yìí bá wà. Bí ó sì ti ń wàásù láti Iléṣà dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, àwọn tí wọ́n gbà á gbọ́ ń kó oògùn, ońdè àti ère jáde, iná sì ń jó wọn ní ìta gbangba. Ìlú kan ṣoṣo ni ó bí ẹni tí ó ń gbẹ́ ère àti ẹni tí iná ìwàásù rẹ̀ ń jó o. Ní Ẹdẹ ni Babalọlá ti sùn ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1959. Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi tí ó jẹ́ òpó fún ti tàn dé ibi gbogbo tí ọmọ Yorùbá bá wà, London àti Amẹ́ríkà kò gbẹ́yìn.

Èyí tí iná kò jó, owó rà. Ọdún 1953 ni ìjọba tó ṣe òfin tí kò jẹ́ kí a máa kó ohun àtijọ́ jáde láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, kí ó sì tó ní eyín, ọ̀pọ̀ ti wọ ọkọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bínú sí gbogbo ẹni tí ó ra ère. Èmi a máa bínú díẹ̀, a sì máa dúpẹ́ díẹ̀. Ìkán kì í wo ojú ọnà, igi tí ó bá wà ní abẹ́ òrùlé tí ń jò kì í pẹ́. Ohun tí ó dùn mí ni pé orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kì í bá a lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àkọlé “Yorùbá, a kò mọ agbẹ́gilére” ni ó wà lára iṣẹ́ àwọn tí gbogbo ìlú ń fi oríkì kí.

Kò jìnnà sí Òsì àti Odò-Ọwà, ní Ẹ̀síẹ́, ni àwọn àlejò tí kò lọ mọ́ wà. Ère òkúta tí ó lé ní 1,000 ni wọ́n, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, wọ́n mú idà àti ohun èlò lọ́wọ́. Àwọn ará ìlú ní àwọn àjèjì tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ni wọ́n, tí wọ́n yí padà di òkúta. H. G. Ramshaw, tí ó ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. wò, ni ó kéde wọn fún ayé ní 1933, ní 1945 sì ni a dá ilé-àkójọ sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ wo ìyàtọ̀: Ẹ̀síẹ́ pa ère rẹ̀ mọ́ sílé, àlejò sì ń wá bá a; Òsì àti Odò-Ọwà jẹ́ kí tiwọn lọ, àlejò sì ń lọ wò ó ní ilẹ̀ òkèèrè. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 títí wọ oṣù Kíní 2023, Yunifásítì Yale ní New Haven pàtẹ iṣẹ́ Bámgbóyè nìkan, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lára ògiri, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àjọ tí ó ń rí sí ilé-àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà bá igi rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti ibi ìpàtẹ náà jáde, tí ọkàn rẹ̀ wá ń fà sí ìlú tí ọkùnrin náà ti wá, ìmọ̀ràn wo ni a ó fún un? Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ní Kòrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì yìí, wọ́n sì pa ọba ìlú náà, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn kan ní Èrúkú, ti Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, ìjọ Babalọlá, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọ inú igbó. Àwọn 38 tí wọ́n kó lọ padà wálé ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí ó wà ní Èkó àti ní London ń fi tẹlifóònù bi ara wọn léèrè bí ọ̀nà bá ṣeé gbà kí wọ́n tó gbà láti wá sin òkú tàbí ṣe ọdún, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wọn ti ń bi alárìnkiri léèrè nígbà Kírìjì. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ọ̀dọ́ Ìlọ́fà kan fẹ́ lọ sí Toronto, kí a má yára sọ pé ojúkòkòrò ni. Nínú ohun tí ó ń fà á lọ síbẹ̀, oorun àsùnmọ́jú wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn Ẹ̀pà Bámgbóyè mìíràn wà ní ilé-àkójọ ìjọba ní Oníkàn, ní Èkó, tí a ṣí ní 1957. Láti Oníkàn dé Odò-Ọwà, bí ènìyàn bá gba Ìlọrin, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán, kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ nínú ọkọ̀. Bí ìjọba Kwara bá fẹ́ kọ́ ilé kan tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé sí Ìlọ́fà, tí àjọ ilé-àkójọ sì gbà láti yá wọn ní orí Ẹ̀pà méjì tàbí mẹ́ta fún oṣù mélòó kan, àwọn arúgbó tí wọ́n mọ Bámgbóyè lójú ṣì wà tí wọ́n lè sọ orúkọ àwọn ère náà fún àwọn ọmọ. Ilé kò wọ́n, yíyá kò ṣòro. Ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà láti Òmù-Àrán wọlé ni ọ̀rọ̀ kù sí.